Iṣẹ́ Tí Àìsàn Ń Gbà Lọ́wọ́ Ènìyàn: Àgbéyẹ̀wò Ipò Rẹ̀ Nínú Iye Ìtọ́jú

Ìtọ́jú tó bá jẹ́ ń ṣe ohun méjì: ó ń mú ara dá, ó sì ń dá ènìyàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ètò ìlera ló gbà pé ó yẹ kí a díwọ̀n ti àkọ́kọ́ kí a tó náwó lé oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ kankan. Ti èkejì ló dá awuyewuye sílẹ̀. Bí oògùn kan bá gbé àgbẹ̀ dìde padà sí oko, tó gbé alájàpá dìde padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ṣé ó yẹ kí ìjọba tàbí ètò adójútòfò ka owó tí wọ́n máa rí níbẹ̀ mọ́ àǹfààní oògùn náà, nígbà tí wọ́n bá ń pinnu bóyá ó tó iye tí wọ́n ń tà á? Yorùbá gbà pé ìlera loògùn ọrọ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ìlera ń jiyàn lé lórí ni bóyá ọrọ̀ náà yẹ kó padà wá sínú ìwé ìṣirò ìlera. Bó bá sì yẹ, báwo ni kí a ṣe kà á, ta ni yóò jàǹfààní, ta ni yóò pàdánù?

Ohun tí a ń pè ní àdánù iṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́rin ni àìsàn ń gbà ba iṣẹ́ jẹ́. Èkíní ni ọjọ́ tí aláìsàn kò lè lọ síbi iṣẹ́ rárá. Èkejì ni ọjọ́ tó lọ, àmọ́ tí ara rẹ̀ kò gbé e: télọ̀ tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń dà láàmú lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má parí aṣọ kan. Ẹ̀kẹta ni kí àìsàn lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá, tàbí kí ikú mú un lọ láìtọ́jọ́. Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ tí a kì í gbowó fún: oúnjẹ sísè, omi pípọn, ọmọ títọ́, àti àkókò ẹni tó ń dúró ti aláìsàn.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn láti kà níbi tí ìwé owó oṣù bá wà. Ti èkejì le, nítorí pé ìbéèrè ni wọ́n fi ń wádìí rẹ̀. Wọ́n á ní kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dín kù tó, ohun tí ìwé ìbéèrè kan bá sì mú jáde lè yàtọ̀ gidigidi sí ti òmíràn. Síbẹ̀ kò ṣeé fojú fò. Ẹ̀fọ́rí túúlu, ẹ̀yìn dídùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í sábà pani, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà ní agbára. Bí a bá yọ iṣẹ́ kúrò nínú ìṣirò, ìtọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ lè dà bí ohun tó wọ́n jù. Bí a bá kà á mọ́ ọn, ìtọ́jú kan náà lè di ohun tó pa owó rẹ̀ padà.

Èrò kìíní: ìlera nìkan ni kí owó ìlera rà

England ni èrò yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ. Ní ọdún 1999 ni wọ́n dá àjọ NICE sílẹ̀ láti máa yẹ oògùn àti ìtọ́jú wò fún ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, NHS. Òṣùwọ̀n tí àjọ náà ń lò ni QALY: ọdún kan nínú ìlera pípé jẹ́ ẹyọ kan, ọdún kan nínú ìlera tó ti dín kù dé ìdajì jẹ́ ìdajì ẹyọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtọ́jú tó bá ń mú ẹyọ kan wá ní iye tí kò ju £20,000 sí £30,000 lọ ni àjọ náà sábà máa ń fọwọ́ sí. Nínú ìṣirò rẹ̀ gangan, owó tí NHS àti ètò ìtọ́jú àwùjọ bá ná ni wọ́n ń kà. Owó iṣẹ́ tí aláìsàn pàdánù tàbí tó rí padà kò sí níbẹ̀.

Ìdí mẹ́ta ni àwọn tó di èrò yìí mú máa ń sọ. Àkọ́kọ́ ni pé ìlera ni aráàlú dá owó náà fún, nítorí náà ìlera ni kó rà. Èkejì ni ìdọ́gba: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àti ẹni tí kò níṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà kan náà níwájú dókítà. Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù. Àpò owó ìlera ní ìdí. Bí wọ́n bá mú owó níbẹ̀ ra oògùn tuntun, ìtọ́jú kan níbòmíràn yóò dín kù, àwọn tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú yẹn náà ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Karl Claxton àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì York ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2015 pé bí nǹkan bí £13,000 bá kúrò nínú owó NHS, ẹyọ QALY kan ń sọnù níbòmíràn. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ tí oògùn tuntun dá padà, tí kò ka iṣẹ́ tó bá ìtọ́jú tí wọ́n gbé sílẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀rọ̀ ló gbọ́.

Àbùkù èrò yìí ni pé ó ń di ojú sí ìnáwó tó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Bí ilé ìwòsàn bá tètè dá aláìsàn sílẹ̀ láti fi owó pa mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀ nílé. Nínú ìwé ìṣirò ilé ìwòsàn, èrè ni. Nínú ilé náà, gbèsè ni. Àbùkù náà tún pọ̀ sí i ní orílẹ̀-èdè bíi Nàìjíríà, níbi tó ti jẹ́ pé àpò ara wọn ni àwọn aláìsàn ti ń san èyí tó ju ìdajì owó ìtọ́jú lọ. Ojú ìjọba nìkan kò lè rí gbogbo ẹrù tí àìsàn gbé lé wọn lórí níbẹ̀.

Èrò kejì: gbogbo àwùjọ ni kó wọ inú ìṣirò

Àwọn tó gba èrò yìí ní ìnáwó kì í yí orúkọ padà nítorí ẹni tó san án. Ohun tí àìsàn bá gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́, ẹbí àti àpò orí ìjọba, àwùjọ kan náà ló pàdánù rẹ̀. TLV, àjọ tó ń pinnu oògùn tí ìjọba yóò bá aráàlú san ní Sweden, ń lo ojú gbogbo àwùjọ. Bákan náà ni ìlànà tí Netherlands gbé jáde ní ọdún 2016 ní kí ìṣirò wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi ilé ìwòsàn pẹ̀lú, títí kan iṣẹ́ tó sọnù àti àkókò àwọn ẹbí tó ń tọ́jú aláìsàn.

Agbára èrò yìí ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ẹrù sí ẹlòmíràn lórí kó wá pè é ní ìfowópamọ́. Ó tún ń gbé iyì ìtọ́jú àìsàn tí kì í pani yọ, àti ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, tí kì í jẹ́ kí ìyá pàdánù ọjọ́ ọjà nítorí ibà ọmọ.

Àìlera rẹ̀ náà hàn. Owó iṣẹ́ tí àgbẹ̀ rí padà kì í wọ àpò ilé ìwòsàn, nítorí náà kò ṣeé fi ra oògùn fún ẹlòmíràn. Minisita ìlera lè fọwọ́ sí oògùn olówó iyebíye nítorí èrè tó máa hàn ní ọjà, kí àpò tirẹ̀ sì gbẹ. Ó sì ṣeé ṣe kí ìtọ́jú máa ṣàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gba owó oṣù ńlá.

England fúnra rẹ̀ gbìyànjú láti sún mọ́ èrò yìí. Láti ọdún 2010 ni ìjọba ibẹ̀ ti ń gbèrò pé kí iye oògùn máa tẹ̀lé àǹfààní rẹ̀ fún gbogbo àwùjọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn pé àwọn arúgbó ni yóò fara gbá a, nítorí pé ohun tí wọ́n ń lò nínú ọrọ̀ àwùjọ pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń mú wá lọ. Ní ọdún 2014, NICE pe aráàlú síbi ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì parí sí i pé ìlànà àtijọ́ kò ní yí padà.

Èrò kẹta: kí ìwé ìṣirò jẹ́ méjì

Ọ̀nà àárín yìí gbèrú ní Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan gbé ìlànà jáde níbẹ̀ ní ọdún 1996 pé kí a lo ojú gbogbo àwùjọ, ṣùgbọ́n kí a gbà pé òṣùwọ̀n QALY ti gbé ìpàdánù iṣẹ́ aláìsàn mì sínú. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 2016, ìgbìmọ̀ kejì yí i padà. Ó ní kí olùwádìí kọ ìṣirò méjì, ọ̀kan láti ojú ètò ìlera, ọ̀kan láti ojú gbogbo àwùjọ, kí ó sì to gbogbo ohun tí ìtọ́jú náà kàn sínú tábìlì kan: iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, títí dé ọ̀ràn ilé ẹjọ́. Nínú ìlànà tuntun yìí, owó iṣẹ́ ní ìlà tirẹ̀.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni ìfarahàn. Aṣèpinnu lè rí i kedere bóyá ìlera ló sọ oògùn di ọ̀wọ́n tàbí ọ̀pọ̀, tàbí iṣẹ́. Ibi tó kù sí ni pé kò sọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí ìwé méjèèjì bá takora. Ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn lè gbé èyí tó dùn sókè, ẹni tó ń san owó lè gbé èyí tó dín ìnáwó rẹ̀ kù.

Bí a ṣe ń kà á: gbogbo owó tó sọnù, tàbí àkókò ìrọ́pò

Ẹni tó bá gbà pé iṣẹ́ yẹ ní kíkà ṣì ní láti mú ọ̀nà. Èyí tó pẹ́ jù ni kíka gbogbo owó tí ènìyàn ì bá rí ká ní àìsàn kò ṣẹlẹ̀. William Petty ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní England ní nǹkan bí ọdún 1660 síwájú, nígbà tó ń díwọ̀n iye tí ènìyàn kan jẹ́ fún ìlú. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1960 sí 1969, Dorothy Rice fi ọ̀nà náà ṣírò iye tí àìsàn ń ná orílẹ̀-èdè, ó sì di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Ọ̀nà kejì jáde ní Netherlands. Koopmanschap àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1995 pé àyè tí aláìsàn fi sílẹ̀ kì í ṣófo títí láé. Níbi tí àwọn tó ń wáṣẹ́ bá wà, ẹlòmíràn yóò wọ ibẹ̀ láìpẹ́. Nítorí náà, àkókò tó fi máa gbà kí arọ́pò tó dé, tó sì mọ iṣẹ́, nìkan ni àwùjọ pàdánù.

Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì hàn dáadáa nínú ìṣirò kékeré. Ká ní káfíńtà ọmọ 30 ọdún ń rí ₦100,000 lóṣù, tí ì bá sì ṣiṣẹ́ títí di ọmọ 60 ọdún bí ikú kò bá mú un. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yóò ka ọdún 30, ó jẹ́ ₦36 mílíọ̀nù. Bí a bá dín owó ọjọ́ iwájú kù ní ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, bí àṣà àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, yóò sún mọ́ ₦23.5 mílíọ̀nù. Ọ̀nà kejì, bí arọ́pò bá dé láàárín oṣù mẹ́ta, yóò ka ₦300,000 péré. Ènìyàn kan náà ni, ikú kan náà ni, ṣùgbọ́n iye kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ọgọ́rin èkejì.

Wọ́n bu ẹnu àtẹ́ lu méjèèjì. Àwọn alátakò ní ọ̀nà àkọ́kọ́ ń sọ àsọdùn, nítorí pé ó ṣe bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni tó ń wáṣẹ́. Wọ́n tún ní bí a bá ka ohun tí ẹni tó yè máa mú jáde, ó yẹ kí a ka ohun tó máa jẹ, tó máa wọ̀ pẹ̀lú. Ní ti ọ̀nà kejì, Johannesson àti Karlsson kọ̀wé ní ọdún 1997 pé kò bá ìlànà ọrọ̀ ajé mu: ẹni tó wá rọ́pò ní ohun tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣe tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà sì níye. Ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ní méjèèjì ń sọ ọ́ kéré níbi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Bí ẹnì kan péré tó mọ iṣẹ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, gbogbo ẹgbẹ́ lè jókòó.

Ta ni ìṣirò náà ń gbè?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ti ìwà ọmọlúàbí. Owó oṣù ló ń gbé iye iṣẹ́ sókè, owó oṣù kò sì dọ́gba. Bí iṣẹ́ bá wọ inú ìṣirò láìsí àtúnṣe, ìtọ́jú ọ̀dọ́ yóò borí ti àgbà, ti ọkùnrin yóò borí ti obìnrin níbi tí owó obìnrin kò ti tó ti ọkùnrin, ti ẹni tí ara rẹ̀ pé yóò sì borí ti abirùn tí wọn kò gbà síṣẹ́. Àwọn kan dábàá pé kí a lo ìpíndọ́gba owó oṣù fún gbogbo ènìyàn. Ìyẹn mú ìyàtọ̀ láàárín olówó àti tálákà kúrò, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ rárá.

Irú àríyànjiyàn yìí ti ṣẹlẹ̀ rí lórí òṣùwọ̀n DALY, tó ń ka ọdún ìlera tó sọnù, tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 1993. Ìlànà àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ọdún ìgbà ọ̀dọ́ ní ìwọ̀n tó pọ̀ ju ti ọmọdé àti àgbà lọ, lórí ìdí pé àwọn ọ̀dọ́ ló ń bọ́ àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún àtakò, wọ́n yọ ìwọ̀n ọjọ́ orí náà kúrò nínú ìṣirò tó jáde ní ọdún 2012.

Àwọn tó ń gbèjà kíka iṣẹ́ ní èsì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Níbi tí owó ìfẹ̀yìntì kò ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbà, iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni oúnjẹ arúgbó àti owó ilé ìwé ọmọdé. Ẹni tó bá kọ̀ láti ka iṣẹ́ lórúkọ ìdọ́gba lè máa fi oúnjẹ du àwọn tó ní òun ń dáàbò bò.

Ẹ̀rí láti ilẹ̀ Áfíríkà

Àwọn ọ̀nà ìṣirò tí a tò sókè yìí jáde láti ibi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti ń gba owó oṣù. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ọlọ́jà tó dá dúró, ẹ̀rí ibẹ̀ sì fi kún ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Sòbìà ni àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù. Ẹni tó mu omi adágún tó ní kòkòrò rẹ̀ kò ní mọ nǹkan kan fún nǹkan bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yóò wú, tí yóò lé róró, tí aràn tó lè gùn tó mítà kan yóò sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á máa wé e mọ́ igi kékeré lójoojúmọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fà á já. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni aláìsàn fi ń jókòó nílé, ó sì sábà máa ń bọ́ sí àsìkò iṣẹ́ oko. Sòbìà kì í sábà pani, kò ní oògùn, kò ní àjẹsára. Ẹni tó bá fi iye ikú díwọ̀n rẹ̀ yóò rò pé ohun kékeré ni. Ṣùgbọ́n ìwádìí UNICEF ní ọdún 1987 láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni àìsàn yìí ń gbà lọ́wọ́ wọn lọ́dọọdún. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí àwọn aṣèpinnu kọbi ara sí aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi àti kànga tó mọ́. Ní ọdún 2008 ni wọ́n rí aláìsàn sòbìà tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọdún 2013 pé orílẹ̀-èdè náà ti bọ́.

Àìsàn tí kòkòrò etí odò ń gbé kiri, tí í fọ́ni lójú, tí í sì mú ara yúnni tọ̀sán tòru, tún sọ irú ìtàn yìí. Ètò tí wọ́n fi gbógun tì í ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1974, Benin àti Togo wà nínú àwọn méje àkọ́kọ́, ó sì parí ní 2002. Báńkì Àgbáyé ka iṣẹ́ àwọn tí ojú wọn kò fọ́ mọ́ nǹkan bí 25 mílíọ̀nù hẹ́kítà ilẹ̀ oko tí àwọn ènìyàn padà sí, ó sì ṣírò rẹ̀ pé èrè lórí owó náà tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún.

Àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e wo òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, Thirumurthy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2008 pé láàárín oṣù mẹ́fà tí àwọn tó ní kòkòrò HIV bẹ̀rẹ̀ oògùn, wákàtí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ní oko ìrèké ńlá kan ní Nàìjíríà, níbi tí iye tí ènìyàn bá gé ni wọ́n ń san owó lé, àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ibà níbi iṣẹ́ fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá kún owó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń rí. Kódà àwọn kan tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọn kò ní ibà jàǹfààní: ìdánilójú pé ara wọn dá jẹ́ kí wọ́n mú iṣẹ́ tó lérè jù.

Síbẹ̀ ibi tó le kò tíì tán. Ọ̀nà ìrọ́pò sọ pé arọ́pò yóò dé, àmọ́ nínú oko ẹbí, ta ni arọ́pò? Ọ̀wẹ̀ lè gba àgbẹ̀ tó dùbúlẹ̀ là fún ọjọ́ díẹ̀. Àáró ní tirẹ̀, gbèsè ni: ẹni tí wọ́n bá ro oko fún gbọ́dọ̀ padà lọ ro ti ẹlòmíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń fà kúrò ní kíláàsì láti di àyè náà. Oko lè má pàdánù kóbọ̀ nínú ìwé ìṣirò, kí ọmọ náà sì ti pàdánù ọdún ẹ̀kọ́ kan.

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè mẹ́rin ló ṣì wà nílẹ̀. Àkọ́kọ́, kò tíì sí àdéhùn lórí bóyá ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè QALY ń ro owó iṣẹ́ mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Bó bá ń rò ó, kíka iṣẹ́ lọ́tọ̀ jẹ́ kíka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, kò sí òṣùwọ̀n tí gbogbo ènìyàn gbà fún ẹni tó wà níbi iṣẹ́ láìní agbára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí fún iṣẹ́ ilé àti ìtọ́jú tí àwọn obìnrin ń ṣe láìgbowó. Àwọn kan ń lo owó tí a ó fi gba ọmọ ọ̀dọ̀, àwọn mìíràn ń lo owó tí obìnrin náà ì bá rí níta, èsì méjèèjì kì í sì í bára mu. Ẹ̀kẹta ni bí a ó ṣe ka àdánù iṣẹ́ tó wà nínú ìtọ́jú tí a gbé sílẹ̀ nítorí tuntun. Ọ̀pọ̀ ètò ìlera kò ní àkọsílẹ̀ tó lè fi í hàn.

Ẹ̀kẹrin kan Nàìjíríà gan-an. Òfin ètò adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo olùgbé orílẹ̀-èdè náà láti ní adójútòfò, ó sì pèsè àpò owó fún àwọn tí kò rówó san. Bí ètò náà bá ṣe ń gbòòrò ni yóò máa yan àwọn ìtọ́jú tí yóò san fún. Bó bá yá ìlànà tó ń ka owó oṣù nìkan, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ́ ìlú kò ní hàn níbẹ̀. Bó bá sì kọ iṣẹ́ sílẹ̀ pátá, àwọn àìsàn tí kì í pani ṣùgbọ́n tí ń sọ ilé di òtòṣì yóò máa wà lẹ́yìn. Ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ lè fara mọ́ ni pé kí a kọ àdánù iṣẹ́ sí ìlà tirẹ̀, kí ó ṣeé rí, kí ó ṣeé yẹ̀ wò. Ìwọ̀n tí ìlà náà yóò ní nígbà tó bá kan ìpinnu, kò sí ìlànà ìṣirò kan tó tíì lè sọ ọ́.